Rédíò Tuntun fún Ìyálé Ìyá Mi

Fara balẹ̀, fara balẹ̀! Ohun tí gbogbo ayé ń sọ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ara wo gan-an ni wọ́n fẹ́ kí n fi balẹ̀? Ìyá mi ti di ẹrù rẹ̀ tán. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, ó ti fi okùn dì í lóròó, ó dì í níbùú, àbúrò mi ọkùnrin sì ti ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ ní Sátidé. Ìyá tó bí mi fẹ́ kó kúrò nílé ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́, ẹnìkan wá ń sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Kí olúwarẹ̀ lọ fi ara tiẹ̀ balẹ̀ ná.

Iṣẹ́ rédíò ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Tí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ ẹ máa kọrin débi tí gbogbo àdúgbò á máa ṣépè fún ẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á júwe fún ẹ. Aláriwo ni wọ́n ń pè mí, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé láàárín sípíkà, ohùn mi ti gòkè, ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Tí mo bá kí ènìyàn ẹ kú àárọ̀, ẹni tó wà lókèèrè á rò pé ìjà ni. Ìyá mi ní tiẹ̀, ẹ̀fọn ń pariwo jù ú lọ. Tó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kí o sún mọ́ ọn dáadáa. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe bí irú èmi yìí, Ọlọ́run nìkan ló yé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí àpótí sípíkà kan tí Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Káfíńtà ni ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, òun ló ń bá mi kan gbogbo àpótí mi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Mo lé e jáde kí n tó bi ìyá mi léèrè ohun tó ṣe é, torí mo ti rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n.

“Bàbá yín ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́,” ó ní.

“Ẹ tún ti jà ni?”

“Ìjà kẹ̀? Ìjà ì bá dáa. Ẹni tó ń bá ènìyàn jà ṣì mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Èmi, bí àga ni mo rí lójú wọn.”

Ó wá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni bàbá mi ń jókòó sí, á máa wo títì. Kò wo ìròyìn mọ́, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò lọ sí ìpàdé àwọn dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì mọ́, ó ní ẹjọ́ wọn ti pọ̀ jù. Ohunkóhun tí o bá bá a sọ, “Ẹn-ẹn” ni. Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá? Ẹn-ẹn. Òrùlé ti ń jò o. Ẹn-ẹn. Ìyá mi ní òun lè fara da gbogbo ìyẹn. Inú ọkọ̀ ni òun ò lè fara dà.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ yẹn kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé yín. Kí bàbá mi tó fẹ́ ìyá mi ló ti rà á. Ọkọ̀ aláwọ̀ wàrà ni, imú rẹ̀ gùn, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì là roboto bí ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ọwọ́ la fi ń yí dígí rẹ̀ sílẹ̀. Dírẹ́bà ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó gbé àwọn ọ̀gá ńláńlá kiri nínú ọkọ̀ olówó iyebíye, ṣùgbọ́n tó bá ti délé, aláwọ̀ wàrà yìí ló máa ń nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe bàbá mi, torí bó ṣe ń wakọ̀ nìyẹn. O lè gbé ife omi lé itan, kò ní í ta sí ẹ láṣọ. Etí rẹ̀ sì mú, etí yẹn kì í ṣe kékeré! Tí nọ́ọ̀tù kan bá tú nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti gbọ́. Ó máa ń dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dúró ní títì pé, “Ọ̀gá, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yín, ó ń sunkún.” Ìyá mi bá ọkọ̀ náà nílé ni, ló bá sọ ọ́ ní Ìyálé. “Ẹ ti fọ Ìyálé, ẹ ti nù ún, ẹ ò tíì rí i pé èmi dirun tuntun.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n á jọ jáde.

Inú Ìyálé ni wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Ilé kún fún ọmọ, ọmọ sì ní etí. Nígbà yẹn rédíò ọkọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tó ní bọ́tìnì ńlá méjì bí ẹ̀yìn ìgbín. Bàbá mi á yí i, ìyá mi á máa gbè é lẹ́nu kékeré rẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá mú mi dání, mo máa ń dibọ́n pé mo ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀, kí n lè máa gbọ́ ẹ̀fẹ̀ wọn. Rédíò yẹn kú ṣáájú kí n tó lọ sílé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó bá a tún ṣe.

“Ní báyìí,” ìyá mi ní, “tí mo bá sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún wá lẹ dígí kékeré kan mọ́ iwájú ọkọ̀, irú èyí tí obìnrin fi ń kun àtíkè, wọ́n kọjú ẹ̀ sí èmi. Tí mo bá yíjú báyìí, ojú wọn nìyẹn nínú dígí, wọ́n ń wò mí. Wọn ò sọ̀rọ̀ o. Wọ́n kàn ń wò mí. Wọ́n ń ṣírò bí mo ṣe ń darúgbó ni.”

“Màámi, ẹ̀yin náà!”

“Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń ti ilé ìwòsàn bọ̀. Mo ní, ‘Bàbá wọn, ọmọ yín ọkùnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Tí mo bá lọ, ṣé àárò mi á sọ yín?’ Èmi àgbàlagbà, mo bi wọ́n bí ọmọdé. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, ‘Kòtò ọ̀nà yìí ti pọ̀ jù.’”

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ò lè máa jókòó sílé ẹni tí òun ti sú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ní kí àbúrò mi máa bọ̀.

Àfi bíi pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi lẹ́sẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo gbé ṣísẹ́ẹ̀lì, mo gbé e sílẹ̀. Bó ṣe sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn: rédíò! Ṣebí ìgbà tí rédíò ọkọ̀ yẹn wà láàyè ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Mo ní màá fi ẹ̀rọ orin gidi sínú Ìyálé, tuntun, alágbára, màá wá gbogbo orin ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, màá kó o sí i. Tí bàbá mi bá gbọ́ ọ, tí ọkàn rẹ̀ ò bá yọ́, á jẹ́ pé òkúta ni.

“Wọn ò ní í gbà,” ìyá mi ní.

“Ta ló fẹ́ bi wọ́n?”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ó dáa. Tí wọ́n bá lè bá mi sọ ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ yẹn kí ọmọ yẹn tó dé, màá tú àpótí mi.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ bá bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ké bí mo ṣe máa ń ké. “Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!” Ó dáhùn dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó béèrè ọkọ mi. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé ẹ rí i, ẹnu ò dùn ún, ìyàwó rẹ̀ ni kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

“Àga tí Màámi ń jókòó sí ti já, wáyà ń gún wọn nídìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ lọ rán an.”

Ó wo ẹnu mi, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Àga nìkan?”

“Àga nìkan, Bàámi.”

“Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn níbẹ̀ o. Bó ṣe wà yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ.” Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, mo dì í mú, kò tíì fi sílẹ̀. “Jẹ́jẹ́ o,” ó ní. Ìgbà yẹn ló wá jù ú sílẹ̀.

Irú ọkọ̀ báyìí, wọn kì í gé e. Ẹni tó bá ti ayùn bọ iwájú ọkọ̀ àtijọ́ kó lè ráyè fún rédíò tuntun, kí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Mo fi òkú rédíò náà sílẹ̀ síbi tó wà, pẹ̀lú bọ́tìnì ńlá rẹ̀ méjèèjì. Inú àpótí kékeré iwájú ìyá mi, níbi tí wọ́n máa ń kó ìwé ọkọ̀ sí, ni mo fi rédíò tuntun pamọ́ sí. Fóònù ló ń bá sọ̀rọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni rí i. Káfíńtà bá mi gé pákó fẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi gbé sípíkà sára ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ tó bá ti àga mu bò ó. Wáyà àtijọ́ ti gbẹ, ó ń rún bí bísíkíìtì, mo tú gbogbo ẹ̀ dànù, mo fa tuntun. Gbogbo ìgbà yẹn, àbúrò mi ń pè. “Ṣé Màámi ti múra?” Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni mo yọ àga awakọ̀ kí n lè fi àpótí ohùn ńlá sábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbé rọ́ọ̀gì sókè. Páànù lásán ni mo bá nílẹ̀. Wọ́n ti gé rọ́ọ̀gì àti tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wà, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ rẹ́gírẹ́gí. Fóòmù àga náà, wọ́n ti fá a títí ó fi tín-ín-rín bí àkàrà tí kò wú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi, gbogbo nǹkan pé, ó nípọn, ó rọ̀.

“Káfíńtà, wá wo nǹkan o! Irú ìyà wo ni bàbá mi fi ń jẹ ara wọn báyìí?”

Ó ki orí wọlé. “Bóyá eku ló jẹ ẹ́.”

“Eku wo ló ń fi ọ̀bẹ jẹun?”

“Ó dáa, bi wọ́n kí o tó dí i. Àgbà kì í dédé gé nǹkan.”

Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn, ẹnu Káfíńtà ló ti jáde, mo sì gbé e jù nù. Sátidé ti ń bọ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ máa lọ bi ènìyàn ní ìbéèrè? Ọkọ̀ àtijọ́, páànù ni gbogbo ara rẹ̀. Tí o bá fi ohùn ńlá sí i láì dí i, kò ní í kọrin, ṣe ni yóò máa gbọ̀n bí agolo tí wọ́n so mọ́ ìdí ajá. Mo gé rọ́bà dúdú tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, mo fi lẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà, mo fi lẹ inú ilẹ̀kùn, mo fi lẹ ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀. Mo gbá a mọ́lẹ̀ kankan. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tuntun lé e, mo ra fóòmù tó ki, mo fi rán àga. Dígí àtíkè yẹn náà, mo hú u kúrò, mo fi sípíkà kékeré síbẹ̀, mo ju dígí sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Gílóòbù pupa kan wà níwájú awakọ̀, èyí tó máa ń kú tí ẹ́ńjìnnì bá ti tan. Ó ti jóná tipẹ́. Mo ní màá pààrọ̀ rẹ̀, mo gbàgbé.

Nígbà tí mo dán orin wò, Káfíńtà fi ayùn sílẹ̀, ó ń jó. Mo pa orin, mo tan ọkọ̀ kí Káfíńtà lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ mi. Ó jókòó sí àga awakọ̀, ó ń wò mí.

“Ó yá, tan án.”

“Mo ti tan án, òpè.”

“Irọ́ lo pa!” Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó lọ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mo rò pé ìyìn ni.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé Ìyálé délé. Mo kọjú imú rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí ìyá mi ti wà níta, okùn wà lára rẹ̀. Ìyá mi ti wọ aṣọ ìrìn-àjò. Àbúrò mi pè pé òun ti wọ ìlú.

“Bàámi, mo ti rán àga o! Ẹ gbé Màámi yípo àdúgbò díẹ̀, kí wọ́n fi ìdí wọn dán an wò.”

Bàbá mi wo àpótí tó wà nílẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un bó ṣe máa ń ṣe, ó yípo, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì síta, ó wọlé. Mo ti yọ́ wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, fóònù wà lọ́wọ́ mi, orin ti wà níbẹ̀, mo kàn ń dúró kó tan ọkọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ́ọ̀gì. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ibi tí dígí wà tẹ́lẹ̀, ó fi ìka kan sípíkà kékeré tí mo fi síbẹ̀. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú, mo ti ń to ẹjọ́ lẹ́nu. Ó kàn mí èémí, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ tan. Bàbá mi di sítíárìn mú, ó dúró, ó dúró. Ló bá tún yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́, tí o bá tún yí kọ́kọ́rọ́ lé e lórí, irin ló ń jẹ irin. Ìró yẹn lọ láti eyín mi dé àtàǹpàkò. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì dí etí. Aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó tún yí i.

“Bàámi, ó ti tan! Ó ti tan!”

Mo ké e sí i lẹ́yìn orí. Èmi tí wọ́n ń pè ní Aláriwo, mo ké débi tí ọ̀nà ọ̀fun mi fi dùn mí, èjìká bàbá mi ò mira. Ó ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́, irin ṣì ń ké, òógùn ti bo ọrùn rẹ̀.

Ìyá mi ló na ọwọ́, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá mi ní tiẹ̀, iwájú ló ń wò, síbi tí dígí wà tẹ́lẹ̀.

“Bàbá wọn,” ìyá mi ní.

Kò dáhùn.

“Bàbá wọn, iná ń jó aṣọ yín.”

Kò mira.

Ìyá mi di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. “Láti ìgbà wo?”

Ẹnu rẹ̀ ni bàbá mi ń wò. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ẹnu ló máa ń wò.

“Etí tó wà lọ́dọ̀ tìẹ ló kọ́kọ́ kú,” ó ní. “Mo rò pé èkejì á tó mi lò. Òun náà tẹ̀lé e.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n sọ kí ni? Pé Jẹ́jẹ́ ti di adití? Ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ lẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ wíwà nìkan sì ni mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé mi.” Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ rọ́ọ̀gì. “Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ. Mo gé e kúrò kí ẹsẹ̀ mi lè máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń sọ gbogbo nǹkan fún mi, ìgbà tó tan, ìgbà tó fẹ́ kí n yí jíà. Òní ni kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò tan ni.”

Mo bú sẹ́kún lẹ́yìn ọkọ̀. Etí kan ṣoṣo tó kù fún bàbá mi, èmi ọmọ rẹ̀ ni mo fi gọ́ọ̀mù dí i. Mo dí i, mo tún gbá a mọ́lẹ̀ kankan.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ níwájú. Ìyá mi ló ń rín, ó ń rín, ó ń fi gèlè nu ojú. Ó tún yí ojú bàbá mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Gbogbo bí mo ṣe ń bú yín nínú ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí, ẹ ò gbọ́ ìkankan?”

“O ń bú mi?”

“Yéè! Mo fi gbogbo èébú yẹn ṣòfò!”

Bàbá mi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò yọ. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó la ẹnu dáadáa, ó ń sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó sí ènìyàn lọ́wọ́. “Bàbá wọn. Tí mo bá lọ, ṣé àárò mi á sọ yín?”

“Kí o lọ síbo?” Ó yíjú wo àpótí tó wà nílẹ̀, ó tún yíjú wò ó, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. “Tí o bá lọ, etí wo ni màá fi wakọ̀?”

“Etí wo bíi ti báwo?”

“Ojú ẹ ni mò ń wò nínú dígí. Tí wọ́n bá fọn fèrè lẹ́yìn, o máa ń fajú ro, o á pòṣé. Tí alùpùpù bá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o á di ilẹ̀kùn mú. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ìwọ lò ń wa ọkọ̀ yìí. Èmi kàn di sítíárìn mú ni.”

“Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń wò mí?”

“Torí ẹ̀ ni.” Ó fọwọ́ pa orí sítíárìn. “Nígbà tó yá, mo tún wá ń wò ẹ́ lásán.”

Ìyá mi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lórí sítíárìn yẹn, wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó bẹ́ẹ̀. Mo ti fò sọ̀ kalẹ̀, mo ti fa ọ̀bẹ yọ. Mo ní kí bàbá mi gbé ẹsẹ̀, mo fi àyà balẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gé rọ́ọ̀gì tuntun yẹn, mo bó rọ́bà dúdú, mo fi èékánná ha gọ́ọ̀mù títí páànù fi hàn. Mo tú wáyà ohùn ńlá abẹ́ àga, kó má baà máa gbọ̀n mọ́ ọn lára. Sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ẹkún ń dà lójú mi, ọwọ́ mi dúdú, mo fi nu imú. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ dígí àtíkè, mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo ń yí i títí bàbá mi fi mi orí pé ibẹ̀ gan-an ni.

“Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ dókítà etí la kọ́kọ́ ń lọ ní Mọ́ńdè o,” ìyá mi ní.

“Ẹn-ẹn.”

“Ẹn-ẹn ti ẹni tó gbọ́ ni, àbí ti àtijọ́?”

“Mo rí i lẹ́nu ẹ.”

Ìyá mi fi kọ́kọ́rọ́ síbi tó ti yọ ọ́, ó fúnra rẹ̀ yí i. Bàbá mi tẹ ẹsẹ̀ lásán mọ́ páànù. Ojú rẹ̀ tú ká. “Ó ti tan,” ó ní.

Ìgbà yẹn ni fèrè ọkọ̀ dún gan-an lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn wa, pí-pí-pí, pí-pí-pí. Àbúrò mi ti dé. Ìyá mi fajú ro, ó pòṣé. Bàbá mi ò bojú wẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ wà nínú dígí kékeré yẹn.

“Ta ló ń fọn fèrè lẹ́yìn wa?” ó ní.

Ìyá mi di ohun tí wọ́n fi ń yí dígí fèrèsé mú, ó yí i títí dígí fi lọ sílẹ̀ tán. Ó yọ orí síta pẹ̀lú gèlè. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, mi ò gbọ́ kí obìnrin yẹn pariwo rí, àfi lọ́jọ́ náà. “Gbé ọkọ̀ ẹ kúrò lọ́nà, jàre,” ó ké sí àbúrò mi, “bàbá ẹ ń gbé mi jáde!”